Ará Ilé Ẹni Ní Gbàǹjo

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Òwe ńlá ni, àmọ́ àwọn tó pa á kò dé gbàǹjo London rí.

Ẹ jẹ́ ká gba ti ìtàn Ifẹ̀ pé, nípasẹ̀ Ọ̀rànmíyàn, ará ilé wa ni Bìní. Ní February 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Bìní, iná jó ìlú, wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tó kú sí. Kò pẹ́ tí orí idẹ àti eyín erin gbígbẹ́ fi dé ilé gbàǹjo Stevens ní Covent Garden. Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Labalábá gbígbẹ, òdòdó, àti ẹyin ẹyẹ tó ti kú run láyé. Àárín wọn ni orí ọba jókòó sí, nọ́ńbà lára, òòlù ń dún gbàgà! Bóyá ìdí tí a fi ń sọ pé wọ́n “lu” nǹkan ní gbàǹjo nìyẹn.

Láti 1950, British Museum wo àwo idẹ Bìní ọwọ́ wọn, wọ́n ní àwọn kan jọra jù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n kà sí àṣẹ́kù. Nàìjíríà wà lára àwọn tó rà. Bẹ́ẹ̀, méjì-méjì ni àwọn oníṣẹ́ Bìní rọ púpọ̀ nínú wọn. Ta ní í ta Táíwò nítorí pé Kẹ́hìndé wà nílé?

Nígbà tó di 1980, owó epo ń dún lápò, ìjọba wa ná nǹkan bí 800,000 pọ́n-ùn ní gbàǹjo London láti ra àwọn ará ilé padà. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ rí i? A rí wọn rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Kìkì pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ tà wọ́n.

Jámánì ńkọ́? Owó ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú iṣẹ́ Bìní ọwọ́ wọn lọ́jà London. Ní December 2022, wọ́n gbé 20 nínú wọn wá sí Abuja, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó fowó rà á fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n kó o wá fún láti ojú ogun gba owó wa.

Àgbà tó bá lè fi ìyẹn pa òwe, kó yáa pa á nílé. Bó bá pa á ní London, wọn á lù ú ní gbàǹjo.