Ẹ Jẹ́ Ó Gbóná Ná!

Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ̀yin tèmi. Ṣé ẹ mọ rédíógíráàmù Bàbá Onírédíò, èyí tí ológbò ìyàwó rẹ̀ sọ di ibùsùn? Ológbò yẹn ò gọ̀, ó mọ ibi tó móoru. Bí Bàbá bá tan ẹ̀rọ náà, kì í fọhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn fáàfù inú rẹ̀, gíláàsì wínníwínní bí àtàǹpàkò, á kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin iná. Kó o tó ní kò ṣiṣẹ́, Bàbá á ti nawọ́ sókè: "Ẹ jẹ́ ó gbóná ná!" Ohun tó fi ń dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn náà nìyẹn tíyẹn bá pè é wá jẹun. Ọbẹ̀ ti gbóná tipẹ́ o, rédíò ni kò tíì gbóná.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀ẹ́n, mo bi ẹni tó ń bá a tún un ṣe pé kí ni gíláàsì ń wá nínú rédíò. Ó ní Fleming, ará Ìlú Ọba, ló fi gílóòbù iná dá a lárà lọ́dún 1904. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni De Forest ti Amẹ́ríkà ki wáyà tín-ín-rín sí i láàárín, wáyà náà sì di oníbodè: ohùn kékeré tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń darí iná ńlá tó ń kọjá. Mo mirí bí ẹni tó yé.

Àṣé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló máa yé mi! Ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn gbé ẹ̀rọ tìránsístọ̀ tirẹ̀ jáde, wọ́n yí i pẹ̀lú ti Bàbá dé góńgó. Tiẹ̀ ń ha wá létí bíi ṣíbí nídìí ìkòkò, torí bí ipá tìránsístọ̀ bá pin, ńṣe ló ń gé orí ohùn sọnù. Fáàfù ò ní gé e. Á rọra tẹ̀ ẹ́ rùbùtù bí òkèlè, á tún fi ohùn tó ga jù ú lọ gbè é lẹ́yìn, bí ìyàwó tó ń bá ọkọ gberin. Haruna Ishola, olórin àpàlà, wá ń dún bí ẹni tó jókòó tì wá. (Àpótí igi yẹn àti sípíkà ńlá inú rẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú adùn ọ̀hún, ṣùgbọ́n ta ní máa sọ fún Bàbá?)

Ni wọ́n bá mú iná lọ. Ti ọmọkùnrin náà pa lọ́lọ́. Ti Bàbá ò tíì gbà: gíláàsì ṣì gbóná, àwo orin ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn Haruna ń wálẹ̀, ó ń fà bíi tẹni tó ń tòògbé. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ológbò ò tiẹ̀ mira.