Màmá Gífítẹ́ẹ̀dì

Ẹ ó rí i ní Lawrenceville ní Georgia, ẹ ó rí i ní Snellville, bí ẹ bá sì ya ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá kan lágbègbè Stone Mountain lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ti ṣáájú yín débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, oorun kì í sì í kúrò lójú rẹ̀, àfi bí ẹ bá bi í pé, "Ọmọ ńkọ́?" Kò ní dá yín lóhùn pé àlàáfíà ló wà. "Wọ́n láwọn máa dán an wò fún gífítẹ́ẹ̀dì o!" lẹ ó gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà lọmọ ọ̀hún.

Òfin ìpínlẹ̀ Georgia ló ní kí ilé ìwé ìjọba máa ṣàwárí àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn yá ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, kí wọ́n sì ṣètò ẹ̀kọ́ tó bá wọn mu. Ètò yìí ni gífítẹ́ẹ̀dì. FOCUS ni wọ́n ń pè é ní káúńtì Gwinnett, TAG ni ní káúńtì Fulton. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń yẹ̀ wò: làákàyè, ìmọ̀ ìwé, ọgbọ́n àtinúdá àti ìtara. Ọmọ tó bá yege nínú mẹ́ta ti wọlé. Ọ̀nà àbùjá kan wà tó jẹ́ làákàyè àti ìmọ̀ ìwé nìkan, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì dé kíláàsì kẹta gbọ́dọ̀ dé ìpele 99 nínú ti làákàyè, ìyẹn ni pé kó ta 99 yọ nínú 100 ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ọ̀nà àbùjá yìí ni Màmá ń tọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìyókù ṣeré. Bí a bá jókòó ti jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́yìn ìsìn, kò sọ́mọ kan tí ìyá rẹ̀ kò ní sọ pé ó wà ní 99. N kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn 99 tí wọ́n ta yọ ń lọ.

Iléṣà ni Màmá ti ṣe ìdánwò Kọ́mọ́ọ̀nù Ẹ́ńtíráǹsì, ìwé Ugo C. Ugo ló sì fi là á já. Nígbà tó gbọ́ orúkọ CogAT, ìdánwò làákàyè, past question rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Láàárọ̀ Sátidé, kí ọmọ tó jẹun, ó ti jókòó síwájú àwòrán bébà tí wọ́n ṣẹ́ po tí wọ́n sì dá lu: ihò mélòó ni yóò wà lára rẹ̀ bí a bá tú u? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọmọ ni àwọn tó ṣe ìdánwò yìí fẹ́ rí. Màmá ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ.

Yorùbá ti di èèwọ̀ nílé, kó má baà ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwòrán lásán ni ìdánwò NNAT tí àwọn ilé ìwé kan ń lò, kí ọmọ tó ń sọ èdè mìíràn nílé má baà pàdánù.

Ti àtinúdá ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Paul Torrance, tó kọ́ni ní Yunifásítì Georgia nílùú Athens, ló gbé ìdánwò kan kalẹ̀: wọ́n á fa ìlà tí kò parí, ọmọ á sọ ọ́ di àwòrán tí ẹlòmíràn kò ronú kàn. Màmá ti kó àwòrán mẹ́wàá tí ẹlòmíràn kò ronú kàn jọ, ó ní kí ọmọ há wọn sórí. Wọ́n sì lè fún tíṣà ní fọ́ọ̀mù: ṣé ọmọ yìí máa ń béèrè ọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń dápàárá? Ṣé ó máa ń fẹ́ mọ ìdí? Nílé, bí ọmọ bá ní, "Why, Mummy?", "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" lèsì rẹ̀. Àfojúdi yẹn gan-an ni ìjọba Georgia fẹ́ fún ní máàkì.

Ó sanwó fún onímọ̀ ọpọlọ aládàáni kan kó dán ọmọ wò. Ilé ìwé ní àwọn á wo èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kó rọ́pò ìdánwò tiwọn. Màmá ní, "Torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni!" Ká sòótọ́, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ nínú kíláàsì wọ̀nyí káàkiri Amẹ́ríkà, ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ tíṣà tó kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ náà fún ìdánwò, aláwọ̀ dúdú ni.

Lẹ́tà dé, ọmọ wọlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá yòókù yí Màmá ká: ìwé wo lẹ lò? Lẹ́sìnnì wo lẹ gbé e lọ?

"Ìwé kẹ̀? Ẹ̀yin ìyá yìí! A ò ka nǹkan kan o. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."