Kò Jìnnà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn ará Èkìtì léèrè: kí ni wọ́n ń pè ní “kò jìnnà”?

Oṣù kẹta ni, tí oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo. Èmi àti ìyàwó mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ l'Ádó, mo sì di kẹ̀kẹ́ ológeere mi sẹ́yìn ọkọ̀, torí mo ti fọ́nnu kiri Èkó pé mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ká má parọ́, afárá Fálọmọ ni òkè tó ga jù tí mo fi kẹ̀kẹ́ gùn rí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá ní, “Àna wa, ẹ fi kẹ̀kẹ́ yín lọ wo omi Ìkọ̀gòsì. Kò jìnnà. Òkè díẹ̀ ló wà níbẹ̀.” Ó lé ní 30 kìlómítà. Ọkọ̀ ni àwọn máa ń gbé lọ ní tiwọn. Lójú éńjìnnì, kò sí òkè níbẹ̀.

Kí n tó jáde, ìyá ìyàwó mi gbé iyán kalẹ̀. Aago méje àárọ̀! Mo ní, “Ẹ ṣé mà, tí mo bá dé, màá jẹ ẹ́.” Ìyàwó mi ṣẹ́jú sí mi. Ta ni yóò kọ iyán àna l'Ékìtì? Mo jókòó. Òkèlè ni mo kọ́kọ́ bá jà kí n tó lọ bá òkè jà.

Mo kọjá Ìyìn, mo ṣì ń juwọ́ sí àwọn ọmọdé. Nígbà tí mo fi máa dé ìtòsí Arámọkọ, ọwọ́ ò ṣeé jù mọ́. Bí òkè kan bá tán, òmíràn ti lúgọ sí kọ́nà bí agbowó-orí. Mo yí jíà títí ó fi kan èyí tó fúyẹ́ jù. Mo tún yí i, bóyá àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà fi ọ̀kan pamọ́. Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Bí mo sì ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni iyán náà ń gòkè.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. (Òótọ́ ni, Ìbàdàn náà lókè, àmọ́ mọ́tò ni mo fi ń gun Màpó.) Ogun Kírìjì tí àwọn bàbá wa bá àwọn Èkìtìparapọ̀ jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó di 1893 kó tó túká pátápátá. Nílé ìwé, wọ́n ní ìbọn ìgbàlódé tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà ló ká àwọn bàbá wa lọ́wọ́ kò. Ìbọn kẹ̀? Òkè ni!

Omi inú ọ̀rá tí mo rà tutù fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù díẹ̀ kó ṣeé fi tẹ ẹ̀bà. Ọlọ́kadà kan tó gbé èèyàn méjì àti àpò iṣu rọra dé ẹ̀gbẹ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?” Mo ní eré ìdárayá ni mò ń ṣe. Ó wo ojú mi, ó wo ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ mi nídìí, ó ní, “Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn.” Màmá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tiẹ̀ fi bò: “Ọmọ mi, ta lo ṣẹ̀?”

Mo ṣáà dé Ìkọ̀gòsì. Kí ni mo bá? Omi gbígbóná! Omi méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, wọ́n sì pàdé níbì kan, ṣùgbọ́n èyí tó gbóná ni gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá. Ẹni tó ń mú wa yíká ní, “Ẹ fọwọ́ kàn án, sà, ẹ máa gbádùn ẹ̀.” Èmi tí mo ti ń hó láti Adó! Mo ní kó fi èyí tó tutù hàn mí. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mi ò sì yọ ọ́ títí àwọn tó bá mi níbẹ̀ fi lọ tán.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá gbé mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù.

“Ìkọ̀gòsì?” ni wọ́n wí. “Háà, àna wa, ibẹ̀ yẹn mà jìnnà o.”