Oríkì Sáùńdì Káàdì Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin àgbà òǹtajà Otigba, mo júbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ wáyà sórí tábìlì ní Ìkẹjà, ẹ̀yin tí ẹ ń to àpótí ohùn sẹ́bàá ọ̀nà ní Àlàbá, ìbà yín o. Ìbà ẹni tó kọ́kọ́ lu ihò sára ẹ̀rọ kí etí ẹnìkan ṣoṣo lè máa jó, kí ará ilé yòókù sì máa sùn. Ẹnìkan ni mo fẹ́ kì lónìí. Kò jọba, baba rẹ̀ kò joyè, kò sì gùn tó àtàǹpàkò mi, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, bí akéwì bá ń pè é láti òwúrọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a lẹ́nu rẹ̀.

Sáùńdì káàdì oníke dúdú, káàbọ̀.
Ẹlẹ́nu méjì: ọ̀kan aláwọ̀ ewé fún etí,
ọ̀kan píńkì fún máìkì.
Ọmọ USB tí í yọrí síta láti ìhà kọ̀ǹpútà,
oníná búlúù tí í ṣẹ́jú wíríwírí
bí orin ń kọ, bí orin kò kọ.
Fúyẹ́fúyẹ́ tí wáyà hẹ́dìfóònù ń fà kiri orí tábìlì,
o kò wúwo tó owó tí wọ́n fi rà ọ́,
owó náà kò sì wúwo.

Kábíyèsí, ta ló fi ọ́ joyè? Nílẹ̀ tiwa, kí ẹnìkan tó di Balógun, ìlú á ti mọ̀ bóyá ó lè gbé idà. Tìrẹ yàtọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ páálí ni wọ́n ti wé láwàní fún ọ. 3D Sound ní iwájú orí, Virtual 7.1 Channel ní ẹ̀yìn, HD ní ìhà ọ̀tún, wọ́n tún wá fi ọ̀dà góòlù kun etí ihò rẹ. Afọbajẹ kankan kò jókòó. Ìlù kankan kò dún. O jí lọ́jọ́ kan, o bá oyè lára.

Kí n mú 7.1 ṣáájú, nítorí òun ló dùn mọ́ mi jù. Ohùn mẹ́jọ ló ń ṣèlérí: méje tí yóò yí èèyàn ká, ẹyọ kan fún ìró ìsàlẹ̀ tí í mi àyà. Mo yí ọ sọ́tùn-ún, mo yí ọ sósì, ihò etí kan ṣoṣo ni mo rí. Ohùn tó ń gba ibẹ̀ jáde kò ju méjì lọ, ti etí ọ̀tún àti ti etí òsì. Àwọn mẹ́fà yòókù ńkọ́? Wọ́n lọ sóde. Ètò kan lórí kọ̀ǹpútà ló ń gún gbogbo wọn pọ̀, tó ń dá ọgbọ́n kí ó lè jọ pé ẹnìkan ń yìnbọn lẹ́yìn ẹni. Àwọn ọmọ tó ń ṣe géèmù lè rí i lò, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tan ètò yẹn tó wá fi ń gbọ́ Oroki Social Club tí Haruna Ishola ṣe ní 1971, inú balùwẹ̀ ni yóò ti máa gbọ́ baba náà. Agídìgbo á wà nínú bàsíà, àwọn ẹlẹ́gbè á dúró sójú fèrèsé.

Ìwọ àbúrò ańpílífáyà PMPO!
Gbogbo ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ ní Àlàbá ló mọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ara rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ẹgbẹ̀rún wáàtì ni wọ́n kọ sí i láyà, PMPO sì ń tẹ̀lé nọ́ńbà náà lẹ́yìn. Kò sí òṣùwọ̀n kan tí aráyé fẹnu kò sí fún PMPO. Ẹni tó ń tẹ páálí ló ń wọ̀n ọ́n, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe gùn tó. Mo wá ṣírò tìrẹ náà. USB 2.0 tí o ti ń jẹun, fólítì 5 ló ní, ìdajì ampere ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan fà. Bí a bá sọ ọ́ di wáàtì, ó jẹ́ 2.5, kí ìwọ fúnra rẹ tó mú tìrẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹgbẹ̀rún, àbúrò ní méjì àbọ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì ń jó lágbo kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín o. Hẹ́dìfóònù kì í ṣe àpótí ohùn òde ìyàwó. Mílíwáàtì kan péré, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì, ti tó kí ọ̀pọ̀ nínú wọn pariwo sí ẹni létí débi pé a kò ní gbọ́ ẹni tó ń pè wá wá jẹun. Ohun tí hẹ́dìfóònù ń béèrè gan-an ni fólítì, nọ́ńbà ohm tó wà lára rẹ̀ sì wà nínú ohun tó ń sọ iye tó fẹ́. Georg Ohm, olùkọ́ kan ní Jámánì tó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827, ni wọ́n fi sọ orúkọ náà. Bí hẹ́dìfóònù bá jẹ́ 32 ohm, fólítì 0.18 ti tó láti fún un ní mílíwáàtì yẹn. Bí ó bá jẹ́ 250 ohm, á gbà tó 0.5. Bí olórin bá wá dédé ké, tí ìlù já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fẹ́ ìlọ́po mélòó kan fólítì ọ̀hún fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni agbádá rẹ ti máa ń ya, Kábíyèsí. Ohùn á fẹ́ gòkè, á kan àjà, á wá máa ha.

Mo wà ní ìsọ̀ kan nígbà tí arákùnrin kan wọlé wá ra hẹ́dìfóònù. DT 770 Pro ti Beyerdynamic ló ń wò, ọjà Jámánì, èyí tí wọ́n ń ṣe ní 32 ohm, 80 ohm àti 250 ohm. Ó ti ka ohm yẹn bí ẹni tó ń ka wáàtì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ohm rẹ̀ pọ̀ jù lẹ óò fún mi o, n kì í ra èyí tó kéré." Òǹtajà ní, "Ọ̀gá mi, ojú yín mọ ọjà!" Ó gbé ti 250 fún un, wọ́n kì í bọ fóònù. Orin ń bọ̀ láti òkèèrè, ó jọ pé inú ilé kejì ni wọ́n ti ń ṣe àríyá. Arákùnrin náà gbé ohùn sókè títí ó fi kan òkè, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ hẹ́dìfóònù mọ́ etí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ti 32 ohm wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Ohun tí òǹtajà ṣe ni pé ó na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ó sì mú ìwọ jáde. Ó ní, "Ẹ fi èyí gbé e nídìí. 7.1 ni." Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ọ gun orí ìtẹ́, láti fi tún ọ̀rọ̀ tí o kò bá wọn dá sílẹ̀ ṣe.

Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ṣàìsàn,
atẹ̀lé-ọjà tí ọjà kò ránṣẹ́ pè,
a-bá-wọn-dé-ilé láìní ìdí.

Ẹ̀yin aráyé, bí wọ́n bá tú ike rẹ̀, ẹ má retí ààfin. Pátákó aláwọ̀ ewé kan ló wà níbẹ̀, àti ṣíìpù kan. Bí orí bá ta yín, á jẹ́ CM108 ti C-Media, ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan. Bí orí kò bá ta yín, ọ̀dà dúdú ni wọ́n kán lé e, kò sẹ́ni tó mọ baba ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. 16 bit ló fi ń kọ ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan, 48 kHz ni, ìyẹn ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ní 24 bit àti 192 kHz a máa fi èyí ṣẹ̀sín rẹ, Kábíyèsí. Má dá wọn lóhùn. Sídì tí àwọn fúnra wọn fi dàgbà, 16 bit ni, 44.1 kHz ni. Etí ọmọdé tí kò ní àbùkù kan kò kọjá 20,000 Hz, 48 kHz sì lè gbé ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀, 24,000. Ohun tó kù lókè ibẹ̀, kí wọ́n gbé e fún àdán.

Mo tún fẹ́ yìn ọ́ lóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má baà ní ẹ̀tanú ni mo fi ń kéwì. Ihò ohùn tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í pa ẹnu mọ́. Bí a bá ti máòsì, ó ṣe ṣìì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣí fáìlì, ó ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà náà ni iná ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn, wọ́n sì ń fara kanra. Ìwọ yọ ohùn kúrò láàárín wọn, o gbé e síta. Ó jìnnà tó ìka kan péré, ó sì tó. O kì í béèrè sọ́fíwíà, láti 1998 ni USB ti ní òfin tirẹ̀ fún ẹ̀rọ ohùn, bí wọ́n bá ti kì ọ́ bọ ihò báyìí, o ti ń ṣiṣẹ́. Èyí nìkan ni oyè tó tọ́ sí ọ, wọn kò sì kọ ọ́ sí páálí.

Àmọ́ bí wọ́n bá fi ṣájà sí kọ̀ǹpútà, pàápàá tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùnmùyùnmù. Iná tó ń wọlé kò mọ́, o kò sì ní asẹ́. Bí wọ́n bá fa ṣájà yọ, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọ lẹ́nu. Kì í sì í pẹ́ tí ihò rẹ fi ń dẹ̀. Ohùn òsì á lọ. Olówó rẹ á máa yí wáyà díẹ̀díẹ̀, á dá èémí dúró, á gbé orí sápá kan, títí ohùn yóò fi padà. Kò tún gbọdọ̀ yíjú mọ́ títí orin yóò fi parí.

Ẹnìkan wà tí kò gba oyè. Ní 2011, ẹni tó ń fi orúkọ NwAvGuy kọ̀wé ya àwòrán ańpílífáyà hẹ́dìfóònù kan, ó pè é ní O2. Ó fi àwòrán náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀ kí ẹni tó bá jiyàn lè wọ̀n ọ́n wò. Bátìrì fólítì 9 méjì lè gbé e. Ó bá àwọn tó ń ta ẹ̀rọ olówó gọbọi tahùn, inú wọn kò dùn. Lọ́dún kejì ó dákẹ́, wọn kò sì mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ dòní. Kò sí 3D lára O2, kò sí góòlù. Àpótí irin dúdú ni, pẹ̀lú bọ́tìnì kan níwájú tí a fi ń yí ohùn sókè. N kò fi í bú ọ o, Kábíyèsí. Ọ̀rọ̀ ló bí ọ̀rọ̀.

Wáyà funfun kan tún wà tí Apple ń tà, látìgbà tí wọ́n ti yọ ihò etí kúrò lára iPhone 7 ní 2016 ni irú rẹ̀ ti dé. Èyí tó jẹ́ ti USB-C, dọ́là 9 ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. DAC, ìyẹn ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn, àti ańpílífáyà kékeré wà nínú orí rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ. Ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ṣùgbọ́n lára kọ̀ǹpútà, ó mọ́ jù ọ́ lọ. Ẹni tí hẹ́dìfóònù rẹ̀ jẹ́ 32 ohm kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí fóònù rẹ̀ bá ṣì ní ihò, kò nílò yín rárá. Kí ó fi owó náà kún owó hẹ́dìfóònù. Mo sọ èyí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí òǹtajà má gbọ́.

Kábíyèsí, ọ̀fun mi ti gbẹ. Náwó fún mi. Mílíwáàtì mélòó kan náà ni, lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí. Èmi náà yóò fi oyè kan kún tìrẹ: 8K. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ọ ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló ṣófo. Má bi mí pé kí ni 8K ń wá lára ẹ̀rọ ohùn. Oníbàárà kan ti wọlé, ó ti fọwọ́ kan páálí rẹ, ó ń kà á: 3D, HD, 7.1. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé èyí lè gbé 600 ohm?"

Ọ̀gá ní, "Á gbé e fò!"