Ilẹ̀ Tí Í Jẹrà Bí Ẹja

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Bàbá Awọnlẹ̀ ti gba ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ìsọ̀ Ìyá Kúdí, lápá ìsàlẹ̀ Àjàh, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ìró òkun bí mọ́tò kò bá kọjá. Ìyá Kúdí ń fi òkúta gbá àgádágodo ẹnu ọ̀nà.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Ìyá Kúdí, kí ni irin yẹn ṣe tí o fi ń lù ú báyìí?

ÌYÁ KÚDÍ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Àgádágodo yìí ni o. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí mo rà á, ó ti kọ̀, kò ṣí mọ́. Mo rọ kẹrosíìnì sí i, pàbó ló já sí.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Mú un wá kí n rí i. (Ó fi èékánná họ ọ́, ìpẹtà rẹ̀ dà sí àtẹ́lẹwọ́ bí osùn.) Iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Atẹ́gùn òkun kì í fẹ́ lásán, iyọ̀ ló ń gbé kiri. Ohun tó ṣe àgádágodo yìí ló ń ṣe páànù orí ìsọ̀ rẹ lọ́wọ́, òun náà ló sì ń ṣe ẹ̀yìn fìríìsà rẹ.

ÌYÁ KÚDÍ: Páànù kẹ̀! Lọ́dún tó kọjá ni mo pààrọ̀ rẹ̀, lórí ilé onílé. Lánlọ́ọ̀dù kò fún mi ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Oṣù tó kọjá ló tún wá sọ pé òun máa fi kún owó ilé. Ó ti sú mi, Bàbá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yà nìyẹn. Mo ti rí ilẹ̀.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Níbo?

ÌYÁ KÚDÍ: Ìdajì pulọ́ọ̀tì ni, etí òkun gan-an. Ibi tí mo máa gbé àdògán mi kà, màá ti máa rí ọkọ̀ àwọn apẹja bí wọ́n bá ń bọ̀. Màá kọ́ yàrá mẹ́ta sẹ́yìn, tí àwọn tó ń wá gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ á máa gbà fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ìdílé tó ń tà á ní kí n mú owó wá kí oṣù yìí tó parí. Ohun tí wọ́n ń pè kò tó ìdajì ti inú lọ́hùn-ún. Àbúrò mi ní kí n wo ilẹ̀ kan lápá Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n kí ni màá fi ibẹ̀ ṣe? Ẹja kì í gúnlẹ̀ sínú oko. Ẹ sì mọ̀ pé ẹja ní í jẹrà, ilẹ̀ kì í jẹrà.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: A máa dé orí bóyá ilẹ̀ ń jẹrà tàbí kì í jẹrà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́, níbo lowó ti fẹ́ wá?

ÌYÁ KÚDÍ: Àjọ kàn mí lóṣù yìí. Màá fi owó tí mo fi ń ra ẹja kún un, màá ta fìríìsà ńlá yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sì yá mi ní ìyókù.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Owó tí o fi ń ra ẹja.

ÌYÁ KÚDÍ: Fún ìgbà díẹ̀ ni.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Ìwọ lo mọ òwò ẹja, èmi kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ wo lo ń jèrè jù?

ÌYÁ KÚDÍ: Ọjọ́ tí ọkọ̀ mẹ́wàá bá gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Apẹ̀rẹ̀ á kún orí iyanrìn, oòrùn á ti máa ga, àwọn ìyàwó apẹja kò ní ibi tí wọ́n máa kó o sí. Iye tí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ bá pè ni wọ́n máa gbà. Màá rà á, màá fi iná tó ń rọra jó yan án títí tó fi gbẹ kankan, màá kó o pa mọ́. Tí òjò bá wá dé, tí òkun ń ru, tí ọkọ̀ kò lè jáde, ìgbà yẹn ni màá gbé e síta. Òwò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Tí ọkọ̀ mẹ́wàá bá wá gúnlẹ̀, tí owó rẹ wà nínú ilẹ̀ ńkọ́?

ÌYÁ KÚDÍ: (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ìyá Ṣíkírá ni yóò rà á.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Ìyá Ṣíkírá ni yóò rà á. Àwọn oníbàárà rẹ á sì bá a lọ. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní gbogbo ọdún tí mo fi wọn ilẹ̀ ní etíkun yìí. Oníṣòwò á kó ojú owó rẹ̀ sínú ilẹ̀, á mọ fẹ́ńsì, fẹ́ńsì á dúró síbẹ̀, òwò á kú. Tó bá ṣe díẹ̀, á ta ilẹ̀ náà ní ìtakútà kó lè padà sídìí òwò. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀ ná. Sún mọ́ mi, kí o wo nǹkan kan. (Ó fi igi fa ìlà sórí ilẹ̀.) Etíkun nìyí, láti Gánà, ó gba Tógò, ó gba Bẹ̀nẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ wa. O ti rí i pé ìgbì kì í kọjú sí ilẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Bó ṣe ń wọlé ló ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Iyanrìn tí o ń tẹ̀ lọ pàdé ọkọ̀ láàárọ̀, ìrìn àjò ló wà. Èyí tó bá lọ, èyí tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ló ń rọ́pò rẹ̀. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, ibi tó wà níwájú kò ní rí ìrọ́pò, òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

ÌYÁ KÚDÍ: Ta ló dí i lọ́nà?

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe é níbí. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni wọ́n to òkúta wọnú òkun níbi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Èkó, kí iyanrìn má baà dí ẹnu ọ̀nà. Ó ṣe ọkọ̀ lóore. Iyanrìn jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ sí i. Bar Beach ló wà lápá kejì. Ó lé ní kìlómítà kan tí òkun fi jẹ ibẹ̀ wọlé. Ilẹ̀ tó sọnù yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi iyanrìn gbà padà, tí wọ́n pè ní Eko Atlantic, tí wọ́n sì mọ odi òkúta síwájú rẹ̀. Lomé kọ́ èbúté tirẹ̀, Kútọnu kọ́ tirẹ̀, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lápá ìlà-oòrùn wọn. Ìdídò Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 ní Gánà náà ti há iyanrìn tí odò Volta ń kó wá sínú òkun. Ìyá Kúdí, etíkun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

ÌYÁ KÚDÍ: Ìjọba ti kó òkúta sínú òkun lápá Lẹ́kkí náà, mo rí i.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Wọ́n kó o. Wá bi ara rẹ pé ibo ni òkúta náà parí sí, kí o sì bi ara rẹ pé ibo ni ilẹ̀ tí o fẹ́ rà wà.

ÌYÁ KÚDÍ: Ó wà níwájú ibi tó parí sí.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Hẹn-ẹn.

ÌYÁ KÚDÍ: Ẹ rán mi létí nǹkan kan. Ọmọ Ìlàjẹ kan wà lára àwọn tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn, Ayétòrò ni wọ́n bí i sí. Ó sọ fún mi pé ibi tí ilé bàbá òun wà, ọkọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Mo rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ dápàárá ni.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Kò dápàárá. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Ìwọ tí o jẹ́ oníṣòwò ló yẹ kí o mọ ìtàn wọn dáadáa. Nígbà náà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, àpò kan náà sì ni gbogbo ìlú ń sọ owó sí. Àwọn ènìyàn tó mọṣẹ́, tó ní ìṣọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣí sẹ́yìn ni òkun ń tẹ̀ lé wọn. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí wọn, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Ṣé o wá rí i pé ilẹ̀ ń jẹrà?

ÌYÁ KÚDÍ: Mo rí i. Kúrámọ̀ náà wá sọ́kàn mi, oṣù kẹjọ ọdún 2012. Àwọn alátẹ bíi tèmi ló wà létí omi níbẹ̀. Òkun ya wọlé, ó gbé ìsọ̀ lọ, ó gbé ènìyàn lọ.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Òkun nìkan kọ́. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òpópónà etíkun láti Èkó sí Kàlàbá, tí gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà. Létí òkun Oníru, àwọn tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́ rí katapílà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ etí omi, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà lórí rẹ̀. Ìwé wo ni àwọn tó ń tà á fún ọ fi hàn ọ́?

ÌYÁ KÚDÍ: Ríṣíìtì ìdílé ni. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó, awọnlẹ̀ á wá lẹ́yìn.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Rárá o! Awọnlẹ̀ ló ń ṣáájú. Láti 1978 tí òfin lílo ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ríṣíìtì ìdílé nìkan kò lè gbà ọ́ sílẹ̀. Kí o tó san kọ́bọ̀, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ á lọ gba kọ́díneètì ilẹ̀ náà, wọ́n á gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Aláúsà, wọ́n á wò ó lórí máàpù bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìyẹn kò gbówó lórí tó owó ilẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún wá bá ọ fún owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lẹ́yìn tí o ti rà á, òfin Èkó ti ọdún 2016 ti ka ìyẹn léèwọ̀ fún wọn.

ÌYÁ KÚDÍ: Wọ́n ṣì ń gbà á.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Wọ́n ṣì ń gbà á, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn láti sọ̀rọ̀. Èyí tí mo tún fẹ́ kí o mọ̀ ni ti ilé fúnra rẹ̀. Iyanrìn etí òkun ni ọ̀pọ̀ bírìkìlà máa ń wà láti fi po kọnkéré, torí pé ó wà nítòsí. Iyọ̀ inú rẹ̀ á wọ ara rọ́ọ̀dù, rọ́ọ̀dù á dípẹtà, á wú, á sì la kọnkéré láti inú. O ti rí ohun tó ṣe àgádágodo. Kànga tí o bá gbẹ́ náà lè máa sun omi iyọ̀.

ÌYÁ KÚDÍ: Bàbá, ṣé kí n máa tún ilé onílé ṣe títí ayé ni?

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: N kò sọ bẹ́ẹ̀, o kò sì jẹ̀bi bí o bá fẹ́ ní tìrẹ. Òwò rẹ gbọ́dọ̀ wà létí omi, nítorí ibẹ̀ ni ẹja wà. Ilé rẹ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí o bá gbé sórí iyanrìn, kó jẹ́ ohun tí ọkùnrin méjì lè gbé sórí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ tí òkun bá bínú: ìsọ̀ pákó, àdògán irin, apẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù kọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta fún ọ, kí ìwé náà sọ ẹni tó ń san owó páànù. Ilẹ̀ tí o bá máa rà, inú lọ́hùn-ún ni kó wà, èrè ni kí o sì fi rà á, díẹ̀díẹ̀. Má fọwọ́ kan ojú owó.

ÌYÁ KÚDÍ: Àwọn tó ń ta ilẹ̀ náà á pè mí lálẹ́ yìí.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Kí lo máa sọ fún wọn?

ÌYÁ KÚDÍ: Màá ní n kò rà á mọ́. Màá gba kọ́díneètì ti Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ẹ̀yin àti èmi la jọ máa gbé e lọ sí Aláúsà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

BÀBÁ AWỌNLẸ̀: Owó ẹja ńkọ́?

ÌYÁ KÚDÍ: Ẹja ni mo fẹ́ fi rà. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ní àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.