Nípa Ẹnu Tí A Fi Ṣe Ẹ̀rọ Ìfàmi

Ásíìdì ni èròjà tí ó máa ń kan lẹ́nu, irú èyí tí ó wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, béèsì sì ni èyí tí ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, irú omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí méjèèjì bá pàdé ní ìwọ̀n tó yẹ, wọn a pa agbára ara wọn, iyọ̀ àti omi ni yóò sì kù. Ìdánwò tí a fi ń wá ìwọ̀n yìí ni títíréṣọ̀n, ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé yìí sì ti tẹ́ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, níbi tí ó ti ń bá àwọn ọmọ tí ó lè bí kọ́ kẹ́mísìrì. Ahọ́n rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò tán.

Pípẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá gíláàsì oníkùn wíwú tí ó ń wọn omi 25 cm³ géérégé, tí a sì ń fi rọ́bà ìfàmi fa omi sókè sínú rẹ̀ títí dé ilà tí a fín sí i lọ́rùn. Ní kíláàsì yìí, ẹnu ni wọ́n ń lò. Kí a má fi epo bọyọ̀, ìwà àìbìkítà gbáà ni, nítorí rọ́bà náà kò wọ́n.

Kọ́sítíìkì ni béèsì ọjọ́ náà, gíráàmù 4 péré tí a pò mọ́ omi títí gbogbo rẹ̀ fi di líta 1. Nítorí pé gíráàmù 40 rẹ̀ ni ó ń jẹ́ móòlù kan, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye èròjà, 0.1 móòlù ni ó wà nínú líta náà, òǹkọ̀wé sì gbà pé ohun tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí kò lè pa kòkòrò. Kò rò ó pé bí èròjà ṣe pọ̀ tó nínú omi yàtọ̀ sí bí ó ṣe le tó. Gbogbo kọ́sítíìkì tó bá wọ omi ni ó ń pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì tó, fi ń tó 13, nígbà tí ti omi lásán jẹ́ 7.

Bí a bá ń fa omi, ìdí pípẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ rì, nítorí bí ó bá yọ síta, afẹ́fẹ́ ni yóò ya wọlé, tí yóò sì ti gbogbo omi náà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òǹkọ̀wé tẹjú mọ́ ilà, ó ń fà bí ẹni tí ń fi sítíróò mu kóòkì, kò sì mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ti yọ. Kọ́sítíìkì ya wọ ẹnu rẹ̀. Ó korò, ṣùgbọ́n yíyọ̀ rẹ̀ ni ó burú jù, nítorí béèsì a máa sọ ọ̀rá di ọṣẹ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹnu àgbàlagbà ni wọ́n ti ń se ọṣẹ lójú gbogbo kíláàsì. Àwọn ọmọ ké pé, “Dádì, ẹ má gbé e mì o!” Ó fẹ́ dáhùn pé òun kò gbé e mì, ṣùgbọ́n itọ́ nìkan ni ó dáhùn, ó ń ṣàn sórí táì rẹ̀. Ọmọ kan sáré gbé ásíìdì wá pé kí ó fi yọ ẹnu, ṣé ásíìdì ni í pa béèsì. Ìṣirò ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n omi púpọ̀ nìkan ni a fi ń ṣan irú rẹ̀, nítorí ìpàdé àwọn méjèèjì a máa mú ooru wá, ásíìdì fúnra rẹ̀ a sì máa jóni.

Ìgbà tí ó yọ ẹnu tán ni olùkọ́ ṣí dúrọ́ọ̀, tí ó mú rọ́bà ìfàmi kan jáde, tí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í kò tíì ya. Ó ní àwọn tí yóò wá bẹ kíláàsì wò láti ọ́fíìsì ni òun ń tọ́jú rẹ̀ dè.