Ìwé Òfin Tó Kú Lórí Pẹpẹ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí lọ́yà ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ, kó má wo ẹnu rẹ̀, kó wo pẹpẹ ìwé tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Tèmi gùn láti ògiri dé ògiri. Aláwọ̀ pupa wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà wúrà kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwọn mìíràn. Oníbàárà tó bá wọlé á kọ́kọ́ gbójú sókè wò wọ́n, á mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó béèrè iye tí mo fẹ́ gbà. Iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe fún mi kò ju ìyẹn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ipá gbà á lẹ́nu mi, mo jẹ́wọ́: bí ìwé bá ṣe nípọn tó ni mo fi ń rà á, bí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ bá sì dún dáadáa, n kì í wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọdún yẹn gan-an ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ wò. Ohun tó ń sọ ìwé di èyí tó wúlò fún agbẹjọ́rò ni bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe bá irú òfin tó wà nínú rẹ̀ mu. Ìwé òfin kan wà tó jẹ́ pé ọdún márùn-ún ti tó láti pa á. Òmíràn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, agbára rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i. Gbogbo ìtìjú tí ìwé ti kó bá mi nínú iṣẹ́ yìí, àìmọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí òfin ẹ̀rí, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Òfin Ẹ̀rí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1945 ni wọ́n ń lò títí di 2011, ẹ sì ro bí nọ́ńbà ṣe lè wọ ènìyàn lára tó láàárín ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Abala 149(d) ni ààyò àwa lọ́yà. Ó ní bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rí pamọ́, ilé-ẹjọ́ lè gbà pé ẹ̀rí náà ì bá ta ko onítọ̀hún ká ní ó mú un jáde. Ó dùn lẹ́nu lọ́yà, pàápàá lọ́yà tí kò ní ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí òfin tuntun dé ní 2011, ọ̀rọ̀ náà kò kú, ó kàn kó lọ sí abala 167(d) ni. Ẹnu tèmi kò bá a kó lọ. Ìwé ọwọ́ mi ṣì ń pè é ní 149, èmi náà sì ń fi ohùn gíga pè é bẹ́ẹ̀, tí lọ́yà ìhà kejì á fi dìde, á tẹrí ba fún adájọ́, á ní òun kò mọ ìlú tí wọ́n ti ń lo òfin tí òun ń gbọ́ yìí. Nọ́ńbà kò léwu tó bẹ́ẹ̀, adájọ́ á rẹ́rìn-ín, á sì tún un ṣe. Ohun tí ìwé àtijọ́ kò sọ rárá ló yẹ kó bani lẹ́rù. Òfin 1945 kò ní abala kankan fún ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ti 2011 ní in, abala 84 ni, ó sì to àwọn ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fìdí wọn múlẹ̀ kí wọ́n tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìbò gómìnà Bayelsa, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba ní 2012 pé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gbà bí wọn kò bá mú ohun tí abala 84 béèrè ṣẹ. Kí gbogbo wa tó mọ abala náà sórí tán, àtúnṣe tún dé ní 2023. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé Akínọlá Àgúdà lórí òfin ẹ̀rí, bó ṣe ń ṣàlàyé ìdí tí a kì í fi í gba ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ kò tíì bàjẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó wà lórí pẹpẹ mi ti pẹ́ ju abala 84 lọ. Ọgbọ́n inú rẹ̀ yè, nọ́ńbà inú rẹ̀ ti kú, òkú yẹn ni mo sì ń gbé lọ síwájú adájọ́.

Ìwé ìlànà ilé-ẹjọ́ yára bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́ínmọ́ín ni: ti àná kì í ṣe ohun tí à ń gbé fún àlejò. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìlànà tuntun fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní 2004, wọ́n tún un ṣe ní 2012, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 2019. Ti 2004 ló sọ pé olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ kó orúkọ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n búra lé lórí àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tó bá ń pẹjọ́. Ẹni tó bá wá ń fi ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú 2004 pẹjọ́ lónìí, ọwọ́ òfo ló gbé dé kọ́tù, bí ìwé náà tilẹ̀ wúwo. Bákan náà ni òfin ilé-iṣẹ́. Ti 1990 ní ènìyàn méjì ló kéré jù tó lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ti 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Lọ́yà tó bá ń ka ti 1990 lọ, irú èmi yìí, á máa rán oníbàárà jáde pé kó lọ wá ẹnìkejì wá, oníbàárà á sì mú àna rẹ̀ wá, wàhálà tí ì bá má sí rárá á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí tán lè sọ pé, ó dára, ká kó gbogbo ìwé àtijọ́ fún alákara. Àṣìṣe mi kejì gan-an nìyẹn, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìwé tí mo bá fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì dúró ni mo tún máa ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún ìdílé ni mo ń wí. Ìwé tí Adájọ́ G. B. A. Coker kọ lórí dúkìá ìdílé láàárín àwọn Yorùbá jáde ní 1958, ibẹ̀ ni ẹjọ́ baba tó kú láìṣe ìwé ìhágún ṣì máa ń já sí. Ẹ wo ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Baba kan l'Ékòó kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ogún náà, kó di ọ̀nà mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kó di ọ̀nà mẹ́sàn-án? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní orí-ò-jorí, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ìgbìmọ̀ ọba (Privy Council) ní ìlú Òyìnbó sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Kò sí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan tó lè sọ ìyẹn di àìmọ̀ nípa yíyí nọ́ńbà abala padà. Ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ti 1976 náà nìyẹn, òun ló to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, láti orí ìtàn àwọn baba ńlá títí dé orí ilẹ̀ tó fara kan èyí tí wọ́n ń jà sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹjọ́ ilẹ̀ kan lónìí tí wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, inú ìwé ilẹ̀ kan náà ni ohun tó gbó láìbàjẹ́ àti ohun tó bàjẹ́ ti ń gbé pọ̀, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ẹni tó ti ní ilẹ̀ kí òfin náà tó dé pàápàá kò lè fi í dúró fún owó láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ẹni tó jókòó ti ẹjọ́ yẹn nìkan á rò pé gbogbo àdéhùn tí gómìnà kò tíì fọwọ́ sí ti di asán. Ní 1995, ẹjọ́ Awojugbagbe àti Chinukwe wá fi hàn pé ènìyàn lè kọ́kọ́ ṣe àdéhùn kó tó lọ wá ìyọ̀ǹda. Ìwé ilẹ̀ tó bá dúró sí àárín ọdún méjèèjì yóò kọ́ ọ ní ìdajì òfin, ìdajì òfin a sì máa dùn ún fi ṣe gààruù.

Ibi tí àkójọ ìdájọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Láti 1985 tí Gani Fáwẹ̀hìnmí ti dá Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀, ìdájọ́ ń dé ọwọ́ lọ́yà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti Gani fúnra rẹ̀ mọ́lé kò sì dá a dúró. N kò mọ ìwé kan tó wúlò fún lọ́yà Nàìjíríà jù ú lọ. Àmọ́ ó ní àkópọ̀ kúkúrú lókè ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan, àkópọ̀ yìí sì ni ọ̀fìn tí èmi ọ̀lẹ máa ń já sí. Olóòtú ìwé ló kọ ọ́, adájọ́ kọ́. Ó lè jẹ́ pé gbólóhùn tí mo kọ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ọ̀rọ̀ àsọkún lásán ni, tàbí kó jẹ́ ti adájọ́ tí kò fara mọ́ èrò àwọn tó kù. Adájọ́ tó bá ti ka ìdájọ́ náà tán á béèrè ojú ìwé lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rántí pé mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà ní kí la tún ń kó ìwé jọ sí nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù. Wọ́n ní òótọ́ lápá kan. Ìkànnì ìdájọ́ tí a ń sanwó fún yá ju ọwọ́ mi lọ, ó sì ń sọ fúnni bí wọ́n bá ti yí ìdájọ́ kan padà, èyí tí ìwé tó wà lórí pẹpẹ kò lè ṣe láéláé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bá bi fóònù nìkan ló ń dáhùn. Béèrè abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀, abala 22 ni yóò gbé wá. Kò ní sọ fún ọ pé ibi tí ó ti pàdé abala 34 ni ìjà Ajilo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣí ìwé á fi ojú kó èyí tó wà lókè àti nísàlẹ̀ mọ́ ọn láìmọ̀. Ti ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ tún wá ju tìyẹn lọ. Ní New York ní 2023, àwọn lọ́yà tó ń bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca ṣẹjọ́ fi ChatGPT wá àwọn ẹjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì bá wọn dá àwọn kan sílẹ̀ tó ní orúkọ, ọjọ́ àti adájọ́, tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Adájọ́ wá wọn títí, kò rí wọn, ó sì bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 lé wọn. Bó ti wù kí ìwé mi kú tó, kò tíì bí ẹjọ́ fún mi rí.

Àtakò tó le ni ti owó. Ọ̀dọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà, kí ni yóò fi ra ìwé? Ohun tí mo rò nìyí: kó ra ìwé ìlànà ilé-ẹjọ́ tó ń lọ, ti ọdún yìí, àti òfin ẹ̀rí pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀. Èyí tó ń gbó láìbàjẹ́, bí ti Coker àti àkójọ ìdájọ́ àtijọ́, kó lọ kà á ní yàrá ìkàwé Ilé-ẹjọ́ Gíga, níbi tí eruku ti ń ṣọ́ ọ. Ìwé atúmọ̀ òfin ńlá ti Black tó kọ́kọ́ jáde láti Amẹ́ríkà ní 1891, kó fi sílẹ̀ fún irú èmi tó ń fi ìwé dẹ́rù ba oníbàárà. Bí ó bá wá rí ojú ìwé méjì-mẹ́ta tó wù ú, àwọn oníṣẹ́ fótókọ́pì wà lẹ́nu géètì. Ẹ má bi mí bóyá òfin gbà á, nítorí òfin ẹ̀tọ́ olùkọ̀wé tuntun ti 2022 ti wà, ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ mi, fótókọ́pì sì ni òun náà.